Bí Mo Ṣe Fi Rúlà Wọn Aago Inú Olú Neurospora

Iṣẹ́ tí mo ṣe parí ní láàbù kan ní Ìbàdàn ni láti mọ iye wákàtí tí aago inú ara Neurospora crassa, olú aláwọ̀ ọsàn tó máa ń hù lára búrẹ́dì, fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan; aago yìí ni ètò inú ara tó ń sọ àkókò ọjọ́ fún un. Ẹ̀yà méjì ni mo lò: èyí tí frq, jíìnì tó ń darí aago náà, pé nínú rẹ̀, àti frq7, tí jíìnì náà ti yí padà nínú rẹ̀. Ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jerry Feldman àti Marian Hoyle kọ́kọ́ ròyìn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Mo se ágà, ohun dídì tí olú ń hù lórí rẹ̀, mo dà á sínú àwọn ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ, mo sì fi òwú dí wọn kí n tó fi ooru pa kòkòrò inú wọn. Mo gbin olú sí ìkángun kan, mo fi wọ́n sínú ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà ni mo gbé wọn wọ inú òkùnkùn, kí aago gbogbo wọn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà. Lójoojúmọ́ ni mo ń fa ìlà síbi tí olú dàgbà dé, lábẹ́ iná pupa nìkan, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ni WC-1, pròtéènì tí olú fi ń mọ ìmọ́lẹ̀, máa ń gbà, kì í ṣe pupa.

WC-1 yìí kan náà, pẹ̀lú WC-2, pròtéènì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló ń ta jíìnì frq jí. Pròtéènì FRQ tí jíìnì náà bá ṣe á wá padà dí wọn lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni fọ́sífétì ń lẹ̀ mọ́ FRQ títí agbára ìdínà rẹ̀ á fi tán, tí olú á sì fọ́ ọ túútúú, kí àyípo mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìfalẹ̀ yìí gan-an ni ọkàn aago náà.

Ooru Ìbàdàn ni mo ṣọ́ jù. Aago náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ooru bá yí padà, ṣùgbọ́n ìdàgbà olú, tí a fi ń ṣírò, máa ń yí padà. Nítorí náà, mo so àpótí tí mo kó àwọn ọ̀pá náà sí mọ́ bátìrì tó ń gba agbára oòrùn, kí ìwọ̀n 25°C má baà yẹ̀ nígbà tí iná ọba bá lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀kan nínú àyípo aago kọ̀ọ̀kan ni olú máa ń so èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó hàn bí ìgbànú lára ọ̀pá. Nígbà tí àwọn ìgbànú yìí hàn kedere, mo wọn àlàfo láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì, mo sì fi iye mílímítà tí olú ń dàgbà ní wákàtí kan pín in. Nínú ẹ̀yà tí frq rẹ̀ pé, níbi tó ti ń dàgbà ní mílímítà 1.5 ní wákàtí kan, àlàfo mílímítà 33 já sí wákàtí 22. Ti frq7 súnmọ́ 29, bẹ́ẹ̀ ámínò ásíìdì (ègé tí a fi ń kọ́ pròtéènì) kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú FRQ àwọn méjèèjì. Mo ti gbin frq1 báyìí, ẹ̀yà mìíràn tí jíìnì frq rẹ̀ yí padà, èyí tí aago tirẹ̀ máa ń yípo ní nǹkan bí wákàtí 16.