Bí ẹ ṣe lè fi igi arère gbẹ́ bààlúù Beaver

Arère ni kí ẹ wá. Ìrókò le jù, apá á kàn máa ro yín lásán. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò pákó l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ fi ọ̀yàyà tọrọ àjákù. Wọn kì í sábà gbowó rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, bààlúù ràgàjì tí ìyẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ikùn ni wọ́n máa ń fẹ́ gbẹ́. Beaver lèmi máa ń kọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ de Havilland ní Kánádà ló ṣe é, ó sì kọ́kọ́ fò lóṣù kẹjọ ọdún 1947. Wọ́n ti bi àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń ná inú igbó Kánádà léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ́ńjìnì alágbára ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́, àti ọkọ̀ tó lè gbéra kíá ní pápá kúkúrú.

Mo fi 20 pín ìwọ̀n rẹ̀. Ìyẹ́ gidi jẹ́ mítà 14.63 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, tiwa á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 73. Gígùn ara rẹ̀ jẹ́ mítà 9.22, tiwa á jẹ́ 46. Pákó kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣe ìyẹ́, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 jálẹ̀jálẹ̀. Ẹ fi ìfági fá òkè rẹ̀: kó wú díẹ̀ níwájú, kó máa fẹ́lẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bí ìfági bá ń fa igi ya, ẹ yí pákó padà, òdì lẹ ń fá. Ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ kọjú ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ rúlà, ibẹ̀ ló ti jin. Ẹ má kánjú níbí o.

Orí òrùlé ni ìyẹ́ ń jókòó sí, kó má dínà ẹrù. Ọ̀pá kan ló ń gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣísẹ́lì la ilẹ̀kùn tó fẹ̀, torí àgbá gáláànù 45 ni wọ́n ń yí gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ tó bá la ilẹ̀kùn tóóró, màá ní kó tún un là.

Imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí róbótó. Sìlíńdà mẹ́sàn-án ló tò yípo nínú ẹ́ńjìnì Wasp Junior, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 450. Awakọ̀ lè da ọ́ìlì sí i látorí ìjókòó rẹ̀, lójú òfuurufú! Ẹ ní kí dírẹ́bà Ìlọrin kan dán an wò lójú títì.

Ìdérí ìgò mínírà dára fún táyà méjì iwájú. Kékeré kan á wà lábẹ́ ìrù. Ẹni tó bá fẹ́ kó balẹ̀ sórí omi, kó gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dípò táyà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kánádà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù sùn mọ́jú kí ẹ tó kùn ún.