Gáìdì gbowó lọ, ẹsẹ̀ wa la fi mọ Newcastle

Dọ́là 180. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta kí ara tù mí. Iye tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san fún gáìdì kan nìyẹn pé kó mú wa rìn yíká àárín ìlú Newcastle létí òkun Ọsirélíà, a ò sì fojú kan ọ̀gbẹ́ni yẹn títí di òní.

Ó ní ká pàdé òun ní "station" laago mọ́kànlá. Èmi tí mo ti ń gbé Sydney lọ́dún mẹ́rin, kí ló le níbẹ̀? A wọ rélùwéè, a sọ̀ níbi tó parí ìrìn sí, wọ́n kọ Newcastle Interchange sára ẹ̀ gàdàgbà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aago mọ́kànlá kọjá. Mo pè é, kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣó dá ẹ lójú pé ibí ni?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre." Nígbà tó di méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mẹ́sééjì wọlé: òun ti dúró títí, òun ti lọ, owó ò sì ní padà. Ó wá fi fọ́tò ilé àtijọ́ arẹwà kan sí i tí kò jọ ibi tí a wà rárá.

Obìnrin tó ń ta kọfí ló là mí lọ́yẹ, ẹ̀rín ló tiẹ̀ kọ́kọ́ rín. Ó ní steṣọ̀n tó wà nínú fọ́tò yẹn, láti December 2014 ni rélùwéè ò ti débẹ̀ mọ́, wọ́n gé ojú irin náà kúrò láàárín ìlú, Interchange yìí ló gba ipò ẹ̀ ní 2017, táràmù sì bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Steṣọ̀n tí ò ní rélùwéè, tí wọ́n ṣì ń pè ní steṣọ̀n! Mo fi ìbínú pe ọkùnrin yẹn padà, a fa ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù títí ó fi di aago kan ku díẹ̀, kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ steṣọ̀n àtijọ́ yẹn ni Customs House wà, ọdún 1877 ni wọ́n kọ́ ọ, bọ́ọ̀lù kan wà lórí ẹ̀ tó máa ń já wálẹ̀ laago kan ọ̀sán, òun ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun fi ń tún aago wọn ṣe láyé àtijọ́, wọ́n á sì yin àgbá ní Fort Scratchley, odi ológun àtijọ́ ìlú náà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Inú táràmù la wà tí a gbọ́ gbìì!

A bá kúkú fẹsẹ̀ wa rìn ín. Mi ò ní sọ ti bíìṣì, bíìṣì ni bíìṣì. Ẹ lọ sí Nobbys, òkè kan létí òkun: erékùṣù ni tẹ́lẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó òkúta sómi láti 1818 kí wọ́n lè so ó mọ́ ilẹ̀, iṣẹ́ ò parí àfi 1846, òun la wá ń rìn lórí ẹ̀ yìí. Atẹ́gùn ibẹ̀ gba gèlè lórí ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sáré mú un lórí àpáta, mo ṣì ń fi ṣakọ. Àwọn Awabakal tó ni ilẹ̀ náà ní kangarú ńlá kan wà nínú òkè yẹn, tó bá fi ìrù gbá ilẹ̀, ilẹ̀ á mì. Ó sì mì lóòótọ́ ní 28 December 1989, èèyàn 13 ló kú, kàtídírà Christ Church tó wà lórí òkè mìíràn láàárín ìlú fara gbá.

Ní Fort Scratchley, 8 June 1942 ni wọ́n yìnbọn padà fún ọkọ̀ abẹ́ omi Japan. 8 June 2007, ìjì gbé ọkọ̀ Pasha Bulker tó fẹ́ wá kó èédú gúnlẹ̀ sí bíìṣì Nobbys. Ọjọ́ kan náà, àbí ẹ ò rí i?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba àdírẹ́sì, nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì, ẹ má gba "station" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì san gbogbo owó sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bi bàbá kan ní Fort bóyá wọ́n ṣì máa yin àgbá yẹn sí i. Bàbá wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́la, laago kan.