Bí mo ṣe ya ṣílè fàdákà sọ́tọ̀ lára ṣílè idẹ

Ṣílè mẹ́sàn-án ni mo ti tà ní iye idẹ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìyá ìyá mi ló fi wọ́n sílẹ̀ nínú àpò aṣọ kan, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, orí ọba tó wà lára wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ọkùnrin tó rà wọ́n wò wọ́n fìrí, ó ní idẹ lásán tó ti jẹ ni, mo sì gba ohun tó san. Ọjọ́ kẹta ni mo tó fẹ àwòrán tí mo ti yà wọ́n lójú fóònù, tí mo rí 1914 lára ọ̀kan àti 1917 lára òmíràn. Ó ṣì ń dùn mí dọ́kàn.

Ṣílè tí a ń ná nílẹ̀ wa lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, fàdákà ni wọ́n fi ń rọ ọ́ láti 1913 títí di nǹkan bí 1920, ìdá 925 nínú 1000 rẹ̀ ló sì jẹ́ fàdákà gidi. Ní 1920 ni idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Bí ṣílè fàdákà ti wù kó jẹ tó, ìwọ̀n rẹ̀ lè dín, ṣùgbọ́n ìdá fàdákà inú rẹ̀ kò yí padà.

Márùn-ún ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, ọdún sì hàn lára mẹ́ta: idẹ ni wọ́n. Àwọn méjì yòókù ló fojú mi rí nǹkan. Ibi tí ọdún wà ti dán bí àtẹ́lẹwọ́, n kò sì fẹ́ fi ohunkóhun ha wọ́n, nítorí pé ojú ọgbẹ́ kan péré lè mú kí ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ kọ̀ wọ́n.

Ìwọ̀n lásán kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé ìwọ̀n ṣílè fàdákà àti ti idẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìnáná sì ti jẹ nínú méjèèjì. Inú omi ni wọ́n ti ń yapa. Mo gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fi òwú so ṣílè, mo sì rì í sómi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Iye tó bá yọ ni a ó fi pín ìwọ̀n ṣílè náà nígbà tó gbẹ: bí èsì bá sún mọ́ 10.3, fàdákà ni. Bí ó bá wà nítòsí 8.5, idẹ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òṣùwọ̀n ilé ìdáná mi fi yà mí ní wèrè. Kò lè ka ohun tó kéré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù lọ, nítorí náà ṣílè kan náà tó wọn 5.4 ń fún mi ní 0.5 láàárọ̀, 0.6 nírọ̀lẹ́; ti àárọ̀ sọ ọ́ di fàdákà, ti ìrọ̀lẹ́ fà á sọ́dọ̀ idẹ. Mo ra irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ kò tíì tán, torí pé afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó ń lẹ̀ mọ́ ara ṣílè nínú omi. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi gbá wọn kúrò. Ìgbà náà ni àkọ́kọ́ fún mi ní 0.52 lórí 5.40, èyí tó jẹ́ 10.38. Mo pariwo. Èkejì fún mi ní 0.64 lórí 5.46: idẹ.

Bí mo bá tún un ṣe, òṣùwọ̀n tó péye ni n óò kọ́kọ́ rà, n kò sì ní fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó kankan. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi kọ́bọ̀ oníhò ti 1936 tó ní orúkọ Ọba Edward VIII gbowó ńlá lọ́wọ́ yín; òótọ́ ni pé kò jọba pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n rọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ilẹ̀ wa.

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó ra mẹ́sàn-án náà. Ó ní òun ti tà wọ́n.