Ẹ má ní kí wọ́n nawọ́ sókè: àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá ń bá àwọn ọmọ SS sọ̀rọ̀ kíndìnrín

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo máa ń lọ sáwọn iléèwé tó wà ní Tanke lọ sí Òkè-Odò níbí n'Ílọrin, mo máa ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ bí èèyàn tó wà láàyè ṣe lè fún ẹlòmíì ní kíndìnrín kan. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ èmi náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o.

Ọmọ á fi ẹ̀rín bi yín pé "Àǹtí, èló ni wọ́n ń ra kíndìnrín, mo fẹ́ ra iPhone", ẹ̀yin náà á wá jágbe mọ́ ọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò ní bi yín mọ́, orí fóònù ló máa lọ bèèrè. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé ní 2011, ọmọ ọdún 17 kan ní Ṣáínà ta tiẹ̀ lóòótọ́, ó fi ra iPhone àti iPad, nígbà tó yá èyí tó kù lára ẹ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ìlera wa ti 2014 ní títa ẹ̀yà ara jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọ kíndìnrín lára ọmọ tí ò tíì pé 18. Ẹ mẹ́nu ba ti Ekweremadu náà, ẹni tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà náà, tó mú ọmọkùnrin kan lọ sí London kí wọ́n lè yọ kíndìnrín ẹ̀ fún ọmọ òun, wọ́n máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ ni tí mo bá débẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8 ni wọ́n sọ ọ́ sí ní London ní 2023, bẹ́ẹ̀ wọn ò tiẹ̀ rí kíndìnrín ọmọkùnrin yẹn yọ.

Ọjọ́ kan mo lọ ra kíndìnrín màálù ní Ìpàta, mo ní kí n gbé e fún wọn wò. Ó rí kókó-kókó lórí tébù. Ọmọbìnrin kan níwájú ní "Àǹtí, ṣé bí tiwa náà ṣe rí nìyí?" Hẹ̀n-ẹ́n! Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, tiwa ń dán ni, kò ju ìkúùkù lọ, ti àgbò ló jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọmọ Ìlọrin wo ni ò tíì rí kíndìnrín àgbò nígbà Iléyá? Láti ọjọ́ náà ti àgbò ni mò ń gbé lọ.

Ẹ má sì sọ pé kò la nǹkankan lọ. Iṣẹ́ abẹ ni, ó ń dunni, èèyàn á lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó lè gbé nǹkan wúwo, á máa lọ yẹ ìfúnpá àti ìtọ̀ wò lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ máa gbé Ibuprofen mì bó ṣe wù ú. Àmọ́ èyí tó kù á tóbi sí i, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ronald Herrick tó fún ìkejì ẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì ní kíndìnrín ní Boston lóṣù Kejìlá 1954, 2010 ló tó kú.

Tí ìyá kan bá ní ẹ fẹ́ fi ọmọ òun ṣe owó, ẹ má bínú sí i, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ò kúkú tán nílùú. Ẹ pè é wá jókòó. Tó bá sì jẹ́ ti ẹ̀sìn ni, ẹ jẹ́ kí Álífà sọ ọ́, àwọn onímọ̀ Fiqh, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ti fọwọ́ sí i ní Jeddah láti 1988, tí ò bá ti ní pa ẹni tó ń fúnni lára, tí kì í sì í ṣe títà.

Èyí tó ṣì ń dùn mí ni pé mo ní "Ta ló máa fún ẹbí ẹ̀? Ẹ nawọ́ sókè!" Gbogbo wọn nawọ́ àfi ọmọkùnrin kan lẹ́yìn, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo ń dúró de Màrúwá ní géètì ló wá bá mi. "Àǹtí, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ bọ̀dá mi lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èmi ni gbogbo ilé ń wò, wọ́n ní tí n bá ti pé 18."

Mo sọ fún un pé dókítà gbọ́dọ̀ dá òun nìkan jókòó, kó bi í bóyá ó wù ú, tó bá ní rárá, wọ́n lè kàn sọ fáwọn ará ilé pé kò bá a mu, kò sẹ́ni tó máa mọ̀dí.

Ó ní "Èmi nìkan? Mọ́mì mi ò ní sí níbẹ̀?"