Bí a ṣe ń fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré rin ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ lórí odò

Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kó lọ fi adágún kọ́ra ná. Lílọ kọ́ ló sábà ń kó èèyàn sí wàhálà lórí odò, ìdúró ni. Ilẹ̀ ṣú, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ju ìdákọ̀ró sómi bákan ṣáá, wọ́n sùn, omi ò sì sùn ní tiẹ̀.

Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 5 sí 7 ti tó. Èyí tí pákó tó nà wọ inú omi lábẹ́ rẹ̀ ṣeé fà sókè ni kí ẹ mú: bó bá kan iyanrìn, ẹ ó fà á sókè, ẹ ó sì bọ́ padà sínú ibú. Ẹ̀rọ kékeré tó ní agbára ẹṣin 4 sí 6 pọn dandan, torí ojú odò ni afẹ́fẹ́ máa ń tẹ̀ lé, ó sì lè dojú kọ yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lítà omi mímu 4 ni kí ẹ gbé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Apá òkè odò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọrí sí, kó lè jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá kú, ìṣàn omi ló máa gbé yín bọ̀ wálé.

Òpó ìgbòkun gbọ́dọ̀ ṣeé dá dùbúlẹ̀ nítorí afárá. Kí ẹ tó gbé e nàró padà, ẹ gbójú sókè. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ òpó, iná sì máa ń gba inú rẹ̀. Wáyà iná ńlá tó ré odò kọjá lè pa èèyàn bí òpó ò bá tiẹ̀ kàn án, ìgbà tí odò bá kún ló sì máa ń sún mọ́ orí wa jù.

Lójú ọ̀nà, ẹ rántí pé ìta kọ́ńdú, ìyẹn ibi tí odò ti tẹ̀, ni odò ti máa ń jìn, inú kọ́ńdú ni iyanrìn máa ń jókòó sí. Ẹ yà fún ọkọ̀ akẹ́rù ní kíákíá. Awakọ̀ rẹ̀ kì í rí ohun tó wà nítòsí imú ọkọ̀ rẹ̀, bó bá sì rí yín, kò lè dúró lójijì.

Ó wá ku ìdúró. Ẹ máa wá ibùsùn nígbà tó bá ku wákàtí méjì kí oòrùn wọ̀. Ẹ wá inú kọ́ńdú tàbí ẹ̀yìn erékùṣù, níbi tí omi ti rọlẹ̀, tí ọkọ̀ ńlá kì í gbà. Ẹ sá fún etí odò tí omi ti ń jẹ, igi ibẹ̀ lè wó lù yín lóru. Ẹ fi okùn wọn bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Èmi kì í ra ẹ̀rọ awọnmi. Okùn tí mo ta kókó sí ní ìdajì mítà sí ìdajì mítà, tí mo so irin mọ́ nídìí, ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹ̀rọ dì í mú títí tó fi máa dúró sójú kan. Ẹ rọra sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ láti iwájú, kí ẹ wá jẹ́ kí omi máa gbé ọkọ̀ sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń tú okùn. Ibi okùn yìí ni wọ́n ti ń ṣahun. Ìlọ́po 7 ni: bí omi bá jìn ní mítà 3, tí imú ọkọ̀ fi mítà 1 ga ju omi lọ, mítà 28 lẹ máa tú. Ṣéènì ni kó wà lápá ìdákọ̀ró, ó kéré tán mítà 5, kí ìdákọ̀ró lè dùbúlẹ̀ kó sì gúnlẹ̀.

Ẹ má ṣe dákọ̀ ró láti ìdí ọkọ̀ láéláé. Mo ti rí àwọn tó ṣe é torí pé ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, ó yá wọn lọ́wọ́. Ìdí ọkọ̀ rẹlẹ̀, ó tẹ́jú, ẹ̀rọ sì ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Omi tó ń ṣàn á kóra jọ síbẹ̀, á sì ya wọlé kẹ́ ẹ tó rí okùn tú.

Kí ẹ tó sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ rárá, ẹ ti so okùn kejì mọ́ ìdí rẹ̀, níbi tí àwọn apá rẹ̀ ti pàdé, kí ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ òkè rẹ̀ kó máa léfòó. Kí okùn náà gùn ju bí omi ṣe jìn lọ dáadáa, torí òjò tó rọ̀ lápá òkè lè mú kí odò ga sí i kílẹ̀ tó mọ́.

Kí ẹ tó dáná, ẹ fi igi méjì létí odò ṣe àmì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú 15. Bí wọ́n bá ń yà kúrò lára wọn, ẹ gbé ọwọ́ lé okùn. Bó bá ń gbọ̀n tó ń já wìkì-wìkì, ìdákọ̀ró ń wọ́ nílẹ̀ nìyẹn, ẹ gbé e kí ẹ tún un sọ. Ẹ tan iná funfun tí wọ́n lè rí láti ìhà gbogbo, kí ọ̀bẹ sì wà nítòsí okùn, nítorí ìtì igi tó lè wá há sí i lóru.

Láàárọ̀, ẹ tan ẹ̀rọ ná, kí ẹ rọra wakọ̀ lọ bá ìdákọ̀ró kí ẹnì kan máa ká okùn níwájú. Bí igi abẹ́ omi bá ti há a, ẹ lọ síbi kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fi okùn kejì fà á sẹ́yìn láti ìdí. Bí kò bá tún gbọ́, ẹ gé e sọnù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìdákọ̀ró méjì máa wà nínú ọkọ̀.