Ẹ má tíì sáré lọ kọ́ Kotlin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Ẹni tó bá ti mọ HTML, CSS àti JavaScript tí a fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, kó má tíì náwó sórí Kotlin, èdè kóòdù tí a fi ń kọ áàpù Android, torí pé oníbàárà kan ní Ọjà Ọba ní òun fẹ́ áàpù. Ẹ kọ́kọ́ sọ wẹ́ẹ̀bù yín di PWA, ìyẹn wẹ́ẹ̀bù tó ń ṣe bí áàpù. Ohun tó nílò ni fáìlì manifest (tó ń sọ orúkọ áàpù àti àmì rẹ̀), service worker (kóòdù JavaScript tó ń tọ́jú nǹkan sórí fóònù) àti HTTPS (ìsopọ̀ tó ní ààbò). Àmì rẹ̀ á wà lójú fóònù, á sì máa ṣí bí dátà bá tiẹ̀ tán. Service worker gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kó tọ́jú àwòrán àti CSS, àmọ́ iye owó ọjà, kó máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bù yín wà lórí rẹ̀) ná, kí owó àná má baà jáde lónìí. Ìjà oníbàárà ò dáa.

Bó bá di dandan kó dé Play Store, ilé ìtajà áàpù Google, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Capacitor á gbé kóòdù kan náà wọ inú áàpù. Dọ́là 25 ni Google ń gbà láti ṣí àkáǹtì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, ẹni tó fẹ́ kí áàpù rẹ̀ dé App Store ti iPhone ni kó san án. Àkáǹtì aládàáni tuntun lórí Google gbọ́dọ̀ ní èèyàn 12 tó ń dán áàpù wò fún ọjọ́ 14 léraléra kí áàpù náà tó lè jáde. Ẹ tètè wá wọn. Ẹni tí èèyàn tiẹ̀ ò bá pé 12, kó sọ níbí.