Bí mo ṣe tọpasẹ̀ àṣẹ mẹ́rin nínú ẹ̀rọ 6502

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé máíkíróprósẹ́sọ̀ a máa mú àṣẹ láti inú mẹ́mọ́rì, a sì máa mú un ṣẹ, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Nítorí náà ni mo ṣe mú ìwé àti kálàmù, tí mo sì tẹ̀ lé ètò kékeré kan ní ìyípo aago kọ̀ọ̀kan (ìlù kan nínú aago tó ń darí ìgbésẹ̀ ẹ̀rọ) nínú 6502, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ MOS Technology gbé jáde ní 1975. Òun ni mo yàn nítorí pé rẹ́jísítà rẹ̀, ìyẹn àyè kékeré inú ẹ̀rọ tó ń fi iye pamọ́ sí, kò pọ̀, ènìyàn sì lè fi ojú tẹ̀ lé gbogbo wọn.

Iṣẹ́ ètò náà ni láti fi 5 sínú rẹ́jísítà A, kí ó ro 3 mọ́ ọn, kí ó sì tọ́jú èsì rẹ̀ sí àdírẹ́sì 0010. Àṣẹ CLC ló ṣáájú, èyí tó ń sọ bíìtì carry (tó ń tọ́jú 1 tí ìròpọ̀ bá gbé kọjá báìtì) di òdo, nítorí pé ADC, àṣẹ ìròpọ̀, kì í ro nǹkan pọ̀ láì ka carry mọ́ ọn. Ní hexadecimal, ìkà oní-mẹ́rìndínlógún, báìtì rẹ̀ ni 18 A9 05 69 03 85 10, láti àdírẹ́sì 0200. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé mi dúró fún ìyípo aago kan: àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ pè, báìtì tó wọlé, àti rẹ́jísítà tó yí padà.

CLC ló gba àkókò mi jù. Báìtì kan péré ni, síbẹ̀ ìyípo méjì ló ń gbà. Ní àkọ́kọ́, 18 wọlé, apá tó ń túmọ̀ àṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu ọ̀nà inú ẹ̀rọ tí yóò ṣí àti èyí tí yóò tì. Ní èkejì, ẹ̀rọ ti ka A9, ó sì sọ ọ́ nù láì sún program counter, rẹ́jísítà tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì báìtì tó kàn, síwájú. Ní ẹ̀kẹta ló tún A9 kà, èyí sì wá di àṣẹ LDA, tó ń fi iye sínú A. Báìtì kan náà ni, àdírẹ́sì kan náà ni; àkókò tí ó wọlé nìkan ló sọ ohun tí ó jẹ́. Bákan náà ni 05 tí mo kọ gẹ́gẹ́ bí iye: bí program counter bá kàn án nígbà tí ẹ̀rọ ń retí àṣẹ, ORA, àṣẹ mìíràn, ni yóò jẹ́.

LDA yá kíákíá. Ní ti ADC, 69 wọlé, 03 tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n èsì kò tíì dé inú A nígbà tí ìyípo méjèèjì parí. Ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń mú 85, àṣẹ tó kàn, wá ni ALU, apá ìṣirò inú ẹ̀rọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ìròpọ̀ náà. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí kò jẹ́ kí wáyà mẹ́mọ́rì jókòó lásán. STA, tó ń kọ iye inú A sí mẹ́mọ́rì, gba ìyípo mẹ́ta: 85, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yí wáyà kíkà padà sí kíkọ, tí 08 sì jáde lọ sí 0010.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìyípo mẹ́sàn-án, ìyẹn microsecond mẹ́sàn-án bí aago bá jẹ́ 1 MHz. Program counter ti wà ní 0207 báyìí, ohunkóhun tó bá sì wà níbẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kà bí àṣẹ, nítorí pé kò sí àṣẹ ìdúró nínú àwọn àṣẹ tí a ṣe fún 6502. Mo fi 4C 07 02 kún ètò náà, ìyẹn JMP, àṣẹ fífò, tó ń padà sí àdírẹ́sì ara rẹ̀, tí apá kékeré àdírẹ́sì ṣáájú apá ńlá.